Olóyè Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìmọ̀

Ẹni tó bá gbé ojú omi Ìlàjẹ lọ́dún tí Ọbẹ-Ṣùrù àti Gbẹ̀dẹ́kù ń bá ara wọn jà yóò mọ Olóyè Ọláìtán Adégbóyè. Bí kò bá mọ ojú rẹ̀, yóò mọ ohùn rẹ̀, nítorí ohùn náà máa ń ṣáájú rẹ̀ dé èbúté. Òun ni ìjọba fi ṣe alága Ìgbìmọ̀ Àlàáfíà Ojú Omi. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni láti pẹ̀tù sí ìjà, kí wọ́n sì dá àwọn tí ilé wọn jóná padà sí ibùgbé wọn. Olóyè gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n kan àga kan fún òun tí yóò ga ju àga àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ti wí, àlàáfíà kì í ti ìsàlẹ̀ wá.

Ìjà náà kò le láti ròyìn. Abúlé apẹja ni Ọbẹ-Ṣùrù, abúlé apẹja ni Gbẹ̀dẹ́kù. Odò kan ló wà láàrin wọn, wọ́n sì ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn láti ayébáyé. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ epo kan rán àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wá síbẹ̀ ni ìhà méjèèjì rántí lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn nìkan ló ni odò. Ọ̀rọ̀ di àdá, àdá di ìbọn. Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, iná sọ lára àwọn ilé orí òpó ní ìhà méjèèjì. Àwọn tó rí ọkọ̀ wọ̀ sá. Àwọn kan forí lé Etíkàn, àwọn tó pọ̀ jù sì dé sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mahintedo, níbi tí wọ́n ń sùn lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ náà gan-an, Olóyè wà ní Àkúrẹ́. Ẹgbẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló ń fi oyè Akọni Àlàáfíà dá a lọ́lá.

Nígbà tó yá, ó lọ kí àwọn tó wà ní Mahintedo. Goodluck, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgbìmọ̀, gbé e dé èbúté. Olóyè wọ agbádá funfun, ó sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì lé e lórí, nítorí pé ọmọ Ìlàjẹ tí kò mọ omi í wẹ̀ ni. Sùrájù, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pàtàkì, ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ Sùrájù ni láti sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Olóyè wí, "ilé tó jóná kò jóná. Ìrísí rẹ̀ ló yí padà. Ebi tó ń pa yín kì í ṣe ebi lásán, ebi ìtàn ni. Àwọn ọmọ yín yóò máa fi yangàn."

"Ẹ pàtẹ́wọ́," ni Sùrájù wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, Ìyá Tẹ́ní, tó ń yan ẹja tà ní Ọbẹ-Ṣùrù kí iná tó jó ààrò rẹ̀, na ọwọ́ sókè. Èdè Ìlàjẹ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti ń pe ilé, ulé ló ń pè é.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn," ló wí. "Ìgbà wo la máa padà sí ulé?"

"Ìyá, inú ọkàn ni ilé wà."

"Inú ọkàn tèmi kò gba ọmọ márùn-ún àti ààrò ẹja, bàbá."

Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí Sùrájù kọ orúkọ ìyá náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí àbẹ̀wò náà. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́. Ìrẹsì tí àjọ ìrànwọ́ kan ti Àbújá rán wá wà nínú ọkọ̀ lẹ́bàá èbúté ní gbogbo àkókò yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè já a sílẹ̀, nítorí pé Olóyè dúró lójú ọ̀nà.

Kò sí ohun tó dun Olóyè nínú gbogbo èyí. Ohun tó dùn ún ṣẹlẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, níbi ìpàdé ńlá kan ní Àkúrẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jọọlá ló ń darí ètò níbẹ̀. Kí ó tó pe Olóyè sórí pèpéle, ó wá bá a níbi tó jókòó sí.

"Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa pè yín, mo wá yín nínú ìwé ìmọ̀ orí ayélujára, mi ò rí yín."

"O kò wá a dáadáa."

"Mo wá a, sà. Mo ní kó gbé ohun tó bá jẹ mọ́ Ìlàjẹ wá. Ọ̀bọ̀kún ló gbé wá."

"Ọ̀bọ̀kún wo?"

"Ẹja, sà."

Ìwé ìmọ̀ tí ọmọbìnrin yìí ń sọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ àyọkà sínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún èyí tí ẹlòmíràn kọ ṣe, bí ó bá ṣáà ti lè fi ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn. Ó wà ní èdè púpọ̀, Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Olóyè gba fóònù ọmọ náà, ó ka àyọkà ọ̀bọ̀kún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gùn. Ó ní àwòrán. Wọ́n kọ ibi tí ọ̀bọ̀kún ń gbé, ohun tó ń jẹ àti bó ṣe ń yé ẹyin. Olóyè dá fóònù padà. Láti ọjọ́ náà lọ ni kò ti jẹ ọbẹ̀ ọ̀bọ̀kún mọ́.

Ó pe ìpàdé pàjáwìrì ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ní Igbókọ̀dá. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sáré dé. Wọ́n rò pé nítorí àwọn apẹja abúlé Zion Pepe ni, tí wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ń gbọ́ ìró ìbọn lápá Gbẹ̀dẹ́kù.

"Ìyẹn á dúró," ni Olóyè wí láti orí àga gíga. "Ẹ̀yin àgbààgbà, orílẹ̀-èdè tó mọ ọ̀bọ̀kún tí kò mọ alága àlàáfíà, ṣé orílẹ̀-èdè tó lè ní àlàáfíà nìyẹn?"

Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ àyọkà Olóyè, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìró ìbọn sí ìpàdé mìíràn.

Sùrájù ṣí kọ̀ǹpútà. Olóyè ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá, ó ń pe ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un.

"Kọ ọ́ pé, ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, òkun fà sẹ́yìn."

"Olóyè, ojoojúmọ́ lòkun ń fà sẹ́yìn."

"Ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Kọ ọ́."

Sùrájù kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé Olóyè gbọ́ èdè gbogbo ẹ̀yà tó wà létí omi, pẹ̀lú èyí tí wọn kò sọ mọ́. Ó kọ ọ́ pé ní ọjọ́bọ̀ tí ìjà bẹ́, Olóyè dá nìkan dúró nínú ọkọ̀ láàrin ìhà méjèèjì, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ìbọn sì bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú omi. Ó kọ ọ́ pé gbogbo àwọn tó sá kúrò nílé ti padà sílé, wọ́n ń kọrin. Níbí yìí ni Sùrájù gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Olóyè, wọ́n ṣì wà ní Mahintedo."

"Ṣé wọn ò ní padà lọ́jọ́ kan ni?"

"Wọ́n á padà, Olóyè."

"Kí ló wá burú nínú kí ìwé ṣáájú wọn dé?"

Nígbà tí wọ́n parí, Olóyè yan àwòrán tó fẹ́ràn jù fúnra rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n yà á níbi tó ti ń gba oyè Akọni Àlàáfíà. Ó ka àyọkà náà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó gbà á gbọ́ lóòótọ́. Bí ó ti ń kà á, ó ń rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ agbádá rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé òun ti gbàgbé ọjọ́ ńlá bẹ́ẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti gé àyọkà náà kù sí ìlà mẹ́ta. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹnì kan kọ ọ́ sí pé: "Níbo la ti rí èyí?"

Ẹni tó kọ ọ́ ni Moríkẹ́, olùkọ́ ìṣirò ní Mahintedo. Ará Ìlá ni, ìjọba ló gbé e dé ojú omi, ó sì wà lára àwọn tó ń fi àkókò ara wọn ṣe àtúnṣe ìwé ìmọ̀ náà ní Yorùbá. Sùrájù dá gbogbo rẹ̀ padà. Moríkẹ́ gé e. Sùrájù dá a padà, ó fi kún un pé Olóyè tún jẹ́ akéwì. Moríkẹ́ gé e, pẹ̀lú akéwì. Olóyè ní kí wọ́n lọ mú obìnrin náà wá.

Moríkẹ́ dé Igbókọ̀dá, ó kúnlẹ̀ kí i bó ti yẹ kí ọmọ kí àgbà.

"Ìwọ lo ń pa ìtàn mi rẹ́," ni Olóyè wí.

"Rárá, sà. Ẹ̀rí ni mò ń bèèrè. A kì í kọ àyọkà nípa ara ẹni, a kì í sì í rán ọmọọṣẹ́ ẹni pé kó bá wa kọ ọ́. Ẹlòmíràn tí kò ní nǹkan kan gbà lọ́wọ́ yín ni yóò kọ ọ́, láti inú ohun tí àwọn tó wádìí rẹ̀ ti sọ. Yóò sì kọ ọ́ láìyìn, láìbú."

"Láìyìn?" Olóyè wo Sùrájù bí ẹni pé wọ́n sọ fún un pé ìrẹsì wà tí a ń sè láìlómi. "Ta ni ọ̀gá yín níbẹ̀?"

"A ò ní ọ̀gá, sà. A máa ń jíròrò ni, títí ọ̀rọ̀ á fi dọ́gba."

"Ibi tí kò ní ọ̀gá, igbó ni. Mo lè mú kí wọ́n gbé ọ kúrò ní Mahintedo."

"Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀rọ ayélujára wà níbi gbogbo." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju òkun tó fà sẹ́yìn lọ. Ẹ ní gbogbo ènìyàn ti padà sílé. Inú kíláàsì mi ni wọ́n ń sùn, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká máa jà lórí èyí tó kù."

Fún ìṣẹ́jú kan, ohun kan rìn kọjá nínú ọkàn Olóyè, ohun tí ẹlòmíràn ìbá pè ní ìtìjú. Olóyè kò dá a mọ̀, ó rò pé ebi ni. Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó sì ní kí olùkọ́ máa lọ.

Ọgbọ́n tí Olóyè ta lẹ́yìn náà rọrùn. Ìwé ìròyìn kékeré kan wà tó ń jẹ́ Ohùn Ẹ̀bá Odò, tí kì í dá ohunkóhun padà bí wọ́n bá ti kọ ọ́ wá fún un. Sùrájù fi àyọkà náà ránṣẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe wà. Sùrájù wá padà sínú ìwé ìmọ̀, ó dá gbogbo ọ̀rọ̀ padà, ó sì tọ́ka sí ìwé ìròyìn. Níbo la ti rí èyí? Nínú Ohùn Ẹ̀bá Odò. Níbo ni Ohùn Ẹ̀bá Odò ti rí i? Lọ́dọ̀ Olóyè. Moríkẹ́ kọ ìkìlọ̀ sójú-ewé ìjíròrò pé ajá ló ń lé ìrù ara rẹ̀ yìí. Àwọn olóòtú tó wà lókèèrè rí ìwé ìròyìn, wọ́n rí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí àyọkà ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí ìjíròrò yóò fi parí. Olóyè ṣe àsè lọ́jọ́ náà. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n má se ọ̀bọ̀kún.

Ní Àbújá, òṣìṣẹ́ kan ní àjọ ìrànwọ́ tó ń rán ìrẹsì wá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí lójú omi. Kò burú, kò sì ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó ṣí fóònù, ó kà pé gbogbo ènìyàn ti padà sílé, wọ́n ń kọrin. Inú rẹ̀ dùn sí wọn. Ó yí ọkọ̀ ìrẹsì sí ibòmíràn tí ebi ti ń pa ènìyàn.

Àwọn tó wà ní Mahintedo dúró de ọkọ̀ ìrẹsì títí. Kò dé. Wọ́n tà nínú àwọ̀n wọn, wọ́n tà nínú aṣọ wọn. Nígbà tí kò sí ohun títà mọ́, Ìyá Tẹ́ní àti àna rẹ̀ ọkùnrin, Báyọ̀, wọ ọkọ̀ àjẹ̀ lọ sí Ọbẹ-Ṣùrù láti wo gbáàgúdá tí wọ́n gbìn sórí èbè kan lẹ́yìn abúlé. Àwọn ọmọ Gbẹ̀dẹ́kù tó ń ṣọ́ odò rò pé ogun ló dé. Ọta ìbọn ba Báyọ̀ léjìká, ọkọ̀ dojú dé. Ìyá Tẹ́ní fi ọwọ́ kan wọ́ ọ nínú omi títí wọ́n fi dé àárín igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi. Báyọ̀ yè é, ṣùgbọ́n apá yẹn kò lè ju àwọ̀n mọ́.

Ariwo ọ̀rọ̀ náà dé orí rédíò. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, wọ́n sì fi Adájọ́ Ọmọ́lẹ́wà, obìnrin àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì, ṣe olórí rẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń wá ni ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ti ìhà kankan. Wọ́n wá a títí, wọ́n wá kà á nínú ìwé ìmọ̀ pé ẹnì kan wà tó dá nìkan dúró láàrin ìhà méjèèjì. Wọ́n ránṣẹ́ pè é.

Olóyè rò pé oyè mìíràn ni. Ó wọ agbádá tuntun, ó mú Sùrájù dání, ó wọ gbọ̀ngàn pẹ̀lú ọwọ́ tó ń jù sí ọ̀tún àti òsì. Àwọn ará Ọbẹ-Ṣùrù jókòó sí ìhà kan, àwọn ará Gbẹ̀dẹ́kù sí ìhà kejì.

"Olóyè, ẹ káàbọ̀," ni Adájọ́ wí. "A kà á pé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ tí ìjà bẹ́."

"Mo dúró láàrin wọn, Olúwa mi. Bí òpó."

"Ẹ rí ìhà méjèèjì kedere?"

"Bí mo ṣe ń rí yín yìí."

"A dúpẹ́. Ta ló kọ́kọ́ yìnbọn?"

Olóyè wo ọ̀tún, àwọn ará Ọbẹ-Ṣùrù ń wò ó. Ó wo òsì, àwọn ará Gbẹ̀dẹ́kù ń wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbèésí ayé rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan.

"Mo dijú, Olúwa mi. Mo ń gbàdúrà."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹ rí wọn kedere."

"Kí n tó dijú."

"Ta lẹ rí kí ẹ tó dijú? Bí ẹ bá wà níbẹ̀ tí ẹ kò sọ ẹni tó yìnbọn, Olóyè, a ó ní láti bèèrè ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lọ ṣe nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà."

Òógùn jáde lábẹ́ fìlà rẹ̀. Ẹnì kan láti ìhà Gbẹ̀dẹ́kù bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ẹ dárúkọ wa ká gbọ́." Ẹlòmíràn láti ìhà Ọbẹ-Ṣùrù ní, "Tàbí àwa." Ó dà bí ẹni pé lórí èyí nìkan ni ìhà méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò sí níbẹ̀," ni Olóyè wí.

"Ẹ gbé ohùn sókè."

"Mi ò sí níbẹ̀, Olúwa mi. Àkúrẹ́ ni mo wà. Àwòrán mi wà nínú àyọkà náà gan-an, níbi tí mo ti ń gba oyè. Ọjọ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀."

Adájọ́ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò ó pẹ́. "Òótọ́ ni," ló wí. "Ó wà níbẹ̀. Ta ló wá kọ ọ́ pé ẹ wà lójú omi, tó tún kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn ti padà sílé?"

Olóyè tọ́ka sí Sùrájù. Sùrájù dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Adájọ́. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, mà," ló wí. "Olóyè ló ń pè é sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ṣì wà ní Mahintedo." Ìyá Tẹ́ní jókòó sí ìlà iwájú. Ó ṣáà ń wo Olóyè, Olóyè sì rí i pé kò sí ibi tí òun lè gbé ojú sí.

Rédíò ló kéde pé wọ́n ti yọ ọ́ nípò. "Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè" ni wọ́n pè é, wọ́n sì bọ́ sórí ìròyìn ojú-ọjọ́. Wọ́n gba ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì. Sùrájù rí alága mìíràn bá ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn sì ya wọ inú àyọkà rẹ̀ bí eéṣú: ẹnì kan pè é ní òpùrọ́ ayérayé, ẹnì kan ní òkun fà sẹ́yìn nítorí ìtìjú, ẹnì kan gbé àwòrán ọ̀bọ̀kún sí ibi tí tirẹ̀ wà. Olóyè ń wò ó nílé. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé, bí wọ́n bá ti kọ èébú kan, ẹnì kan á pa á rẹ́. Ó wo orúkọ ẹni náà. Moríkẹ́ ni.

Ó wọ ọkọ̀ èrò lọ bá a ní Mahintedo. Ọkọ̀ ìrẹsì ti padà dé nígbà náà. Àwọn ènìyàn ń já àpò sílẹ̀ ní èbúté, Ìyá Tẹ́ní sì ń pàṣẹ fún wọn. Moríkẹ́ gbé àga fún un lábẹ́ fèrèsé kíláàsì.

"Kí ló dé tí o fi ń pa èébú mi rẹ́?"

"Èébú kò ní ìtọ́kasí, sà."

Ó tún un sọ nínú ọkàn rẹ̀ láìgbé ètè. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun pa gbogbo àyọkà náà rẹ́.

"A ti jíròrò rẹ̀, sà. Wọn yóò yọ ọ́ lónìí. Kò sí ohun tó pọ̀ tó nípa yín tí ẹlòmíràn wádìí. Àyọkà ìjà Ọbẹ-Ṣùrù àti Gbẹ̀dẹ́kù nìkan ni yóò kù. A fi ìròyìn ìgbìmọ̀ ìwádìí tì í lẹ́yìn."

"Ṣé mo wà nínú rẹ̀?"

Moríkẹ́ yí kọ̀ǹpútà sí i. Ìlà kan ni, nísàlẹ̀ pátápátá: Alága ìgbìmọ̀ àlàáfíà sọ fún ìgbìmọ̀ ìwádìí pé òun kò sí níbẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

"Ṣé kò ṣeé fi Olóyè síwájú rẹ̀?" ló bèèrè.

"A kì í fi oyè sí i, sà."

Ó mi orí, ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rìn lọ sí èbúté. Àwọn tó ń ru ìrẹsì yà fún un láti kọjá, bí wọ́n ṣe ń yà fún gbogbo ènìyàn. Ọkọ̀ èrò kan ti fẹ́ gbéra. Awakọ̀ ń pariwo pé, "Igbókọ̀dá, ó ku ẹnì kan, ẹnì kan péré." Adégbóyè wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó sì wọ inú ọkọ̀.